Ibi Tí A Bá Pè Lórí, A Kì Í Fi Tẹlẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbò ò tíì dé, àwọn òǹdíje ti mọ ọjọ́ ìkórè gbogbo ìjọ láti Kabba dé Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ju àwọn akọ̀wé ìjọ lọ. Ẹni tí a ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́ta, àga iwájú ló wà báyìí. Bó bá di ààwẹ̀, ọkùnrin kan náà á dé fìlà, á já àpò ìrẹsì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀: orí ló ń dé adé, ẹsẹ̀ ló ń tẹ ẹrọ̀fọ̀. Àga ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì lorí, mínbárì tí lémọ̀ọ́mù ti ń wàásù lorí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti sọ méjèèjì di bàtà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kì í yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ọmọ ẹ̀yìn òǹdíje á ti lọ rí akọ̀wé ìjọ. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ìwàásù bá ti parí, tí wọ́n ń pe àwọn ìdílé síta fún ìdúpẹ́, olùdarí ìsìn á ní "ọmọ wa" fẹ́ kí ìjọ. Gbohùngbohùn dọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì ló tọrọ, ogún ni yóò lò. Àpò ìwé tí owó mú wú bọ́ sọ́wọ́ akápò, kò sí rìsíìtì. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ti wọ inú àdúrà. Obìnrin tó jókòó ní ìlà kẹrin, tí àbúrò ìyá rẹ̀ ń díje nínú ẹgbẹ́ kejì, ṣé kó ṣe àmín ni àbí kó dákẹ́? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjọ mìíràn ló ń lọ.

Òfin ò sì gbè wọ́n. Abala 92 òfin ìdìbò ọdún 2022 sọ pé a kò gbọdọ̀ polongo ìbò nílé ìjọsìn, a kò gbọdọ̀ gbé ẹgbẹ́ kan lárugẹ níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ bú òmíràn. Nínú òfin ọdún 2022 yẹn, ẹni tó bá rú u, ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000,000 náírà, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù 12 jura. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 10, kọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ láti sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 222 ní kí orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ òṣèlú má ní àwọ̀ ẹ̀sìn. Kì í ṣe pé òfin lé Ọlọ́run síta o. Orúkọ Ọlọ́run ló parí ìbúra gómìnà. Abala 275 fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láyè láti ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà, fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún àti irú wọn láàárín Mùsùlùmí. Abala 280 ṣe ti kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ìbílẹ̀. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ẹnìkan gun ẹ̀sìn bí ẹṣin lọ sílé ìjọba.

Ní ilẹ̀ Òkun, níbi tí bàbá ti ń kírun, tí ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ECWA, tí ẹ̀gbọ́n bàbá ń tọ́jú ẹ̀kú egúngún, ta la fẹ́ bá jà? Nígbà tí Tinubu mú Shettima ṣe igbákejì lọ́dún 2022, ariwo Mùsùlùmí-àti-Mùsùlùmí dé ìdí ọpọ́n ayò. Mùsùlùmí mà ni Abíọ́lá àti Kingibe tó fẹ́ fi ṣe igbákejì lọ́dún 1993, aráàlú sì dìbò fún wọn. Ológun ló fagi lé ìbò náà. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn ò ní ka òun sí kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n kó béèrè ẹni tí wọ́n yàn sípò àti ibi tí owó lọ, kó yé ka tẹ̀sùbáà mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ wo kànga ẹ̀rọ. Òǹdíje wọlé tán, ó fẹ́ san oore ìjọ. Omi tó yẹ kó wà lẹ́bàá ọjà, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbẹ́ ẹ sí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olórí ọ̀dọ́ ìjọ. Ìsìn parí, géètì tì. Alhaja tó ń ta ẹ̀kọ lódìkejì títì gba odò lọ. Láìpẹ́, omi kànga fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ títí ó fi jóná. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ti ìjọ ni, ìjọ ní ti ìjọba ni. Táńkì wà lókè, orúkọ onítọ̀hún wà lára rẹ̀ gàdàgbà, alángbá ń yáàrùn lórí rẹ̀.

Ta ni yóò bi í? Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ìjọ tó gba àpò ìwé ò lè béèrè ìdí tí ọ̀nà Kabba sí Ìlọrin fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú kòtò. Mọ́ṣáláṣí tó pín ìrẹsì ò lè béèrè oògùn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ìbéèrè yẹn gan-an sì niṣẹ́ ẹ̀sìn nínú ìṣèlú!

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, kí pásítọ̀, lémọ̀ọ́mù àti àwọn ìjòyè pe gbogbo òǹdíje lọ́jọ́ kan náà sí pápá ilé ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí aago wà lórí tábìlì, kí gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ alága. Kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀, kí ìbéèrè kan náà kan gbogbo wọn. Àdúrà kan fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tọrẹ, ó dẹ̀yìn ìbò, pẹ̀lú rìsíìtì. Bó bá wá jọ́sìn, kó jókòó bí àwọn olùjọ́sìn yòókù.

Ẹ̀yin alàgbà ń gbọ́ èyí, ẹ ó sì tún na gbohùngbohùn sí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Irùngbọ̀n funfun lẹ fi dúró ti ẹni tó kówó ilé ìwé jẹ, ẹ wá ní kí ìjọ na ọwọ́ sí i kí wọ́n súre! Ojú àwọn ọmọ tó jókòó síwájú ò tì yín? Wọ́n mọ kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kàwé.