Oúnjẹ àti yàrá náà, owó iṣẹ́ ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ rìnrìn-àjò máa ń sọ fún ara wọn. Wọ́n ní tí èèyàn bá lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé àgbẹ̀ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bá wọn roko, tó ń bá wọn bọ́ adìẹ, tí wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ àti ibi tó máa sùn, físà àbẹ̀wò ti tó o. Ṣebí wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Ṣebí ó kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú WWOOF, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Sue Coppard, akọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1971, kí àwọn ará ìlú ńlá lè máa lo òpin ọ̀sẹ̀ lóko tí wọn kì í ti í lo kẹ́míkà. Ó ti kárí ayé báyìí. Àlejò á ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 4 sí 6 lóòjọ́, onílé á bọ́ ọ, á sì fún un ní yàrá. Owó ò sí níbẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe owó nìkan ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wò. Oúnjẹ àti ibùsùn tí wọ́n fún yín nítorí iṣẹ́ tí ẹ ṣe, owó iṣẹ́ ni lójú wọn. Lóòótọ́, ẹni tó mú físà àbẹ̀wò wá lè yọ̀ǹda ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ lápapọ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ tó ń ta wàrà àti ẹ̀fọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú, bó ti wù kí ìyàwó rẹ̀ lọ́yàyà tó. Ní New Zealand náà, iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Físà tó fàyè gba iṣẹ́ ni wọ́n máa béèrè.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í sanwó fún àwọn tó wá bá a kọ ebè, iyán àti ẹmu ló ń gbé fún wọn. Ta ló jẹ́ sọ pé àwọn tí ẹ̀yìn ń ro yẹn ò ṣiṣẹ́?

Orí YouTube ni àṣìgbọ́ yìí ti ń wá jù. Ọmọ Jámánì á máa rẹ́rìn-ín láàárín àgùntàn ní New Zealand, kò sì ní sọ irú físà tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Físà àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìsinmi ṣiṣẹ́ ni, èyí tí ìjọba tiwọn bá New Zealand ṣàdéhùn lé lórí. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn náà, kò sì sí nínú irú rẹ̀ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni àbí àlejò lásán lẹ jẹ́, ẹ bi ara yín: tí mo bá jí lọ́la tí mo ní mi ò lọ oko, ṣé wọ́n á ṣì gbà mí sílé? Àǹtí yín tó ń gbé ní Kent ò ní lé yín jáde torí pé ẹ ò fọ abọ́. Àgbẹ̀ yẹn ńkọ́?

Àwọn kan á ní, “Sá sọ pé ìgbafẹ́ lo bá lọ.” Ìmọ̀ràn ìkà nìyẹn. Ẹ̀tàn nínú ìwé ìbéèrè físà lè mú kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn fún ọdún 10. Ìmígíréṣọ̀n sì lè ní kí ẹ gbé fóònù wá, kí wọ́n ka ohun tí ẹ̀yin àti onílé jọ ń sọ lórí WhatsApp.

Ọ̀nà tó mọ́ wà o. Físà òṣìṣẹ́ aláàánú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè tó oṣù 12, tí ẹgbẹ́ tó ní ìwé àṣẹ bá dúró fún yín. Jámánì ní ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni tí wọ́n ń pè ní BFD, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, àti FÖJ, ti àyíká, fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 27. Wọ́n ń fún olùyọ̀ǹda lówó àpò àti ìbánigbófò, àwọn kan sì ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé. Àdéhùn tí ẹ̀yin àti ibi iṣẹ́ jọ fọwọ́ sí wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ aṣojú Jámánì máa béèrè, torí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.