Ìwé tí Mark Felt kọ: ṣé a lè gba ẹlẹ́rìí tó ti purọ́ gbọ́?

Àlàbí Akàwé: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The FBI Pyramid tán ni, ìwé tí Mark Felt kọ ní 1979 nípa iṣẹ́ tó ṣe fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ ìpínlẹ̀ Idaho ni. Ó wọ FBI, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní 1942, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di igbákejì ọ̀gá pátápátá. Òun náà ló ń tú àṣírí Watergate, ìwà àìtọ́ táwọn èèyàn Ààrẹ Nixon hù nítorí ìbò, fún Bob Woodward, oníròyìn Washington Post, tí wọ́n fi ń fi ìnagijẹ Deep Throat pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pàpà lé Nixon kúrò nípò ààrẹ ní 1974. Àmọ́ nínú ìwé yìí, ó sẹ́ kanlẹ̀. Ó ní òun ò tú àṣírí kankan fún oníròyìn rí. Ọdún 2005 ló tó jẹ́wọ́, ó ti pé ẹni ọdún 91 nígbà yẹn. Ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ bá purọ́ sínú ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó tóbi jù láyé ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ìtàn àròsọ lèmi kà á sí.

Ìyá Ìbejì: Ìtàn àròsọ kẹ̀? Àlàbí, rọra o. Kí lo fẹ́ kó sọ ní 1979, nígbà tí ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀? Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Ṣé kó tún wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ń bá oníròyìn ṣèpàdé lóru ni?

Àlàbí Akàwé: Kò sẹ́ni tó ní kó kọ̀wé, mà. Ó lè dákẹ́.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹjọ́ ọ̀hún, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Weather Underground, tí wọ́n ń gbé bọ́ǹbù sílé ìjọba: ilé aṣòfin ní 1971, Pentagon, oríléeṣẹ́ ológun wọn, ní 1972. FBI wá wọn títí, wọn ò rí wọn mú. Ni Felt àti Edward Miller, ọ̀gá mìíràn ní FBI, bá fọwọ́ sí i pé káwọn ọmọọṣẹ́ wọn máa wọlé àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ní New York àti New Jersey, láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Bí onílé bá jáde, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á tú ẹrù wò, wọ́n á tún ilẹ̀kùn tì bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò débẹ̀. Oṣù Kọkànlá 1980 ni kóòtù dá wọn lẹ́bi. Felt san owó ìtanràn 5,000 dọ́là, Miller san 3,500. Ààrẹ Reagan dárí jì wọ́n ní 1981.

Ẹ wá wò ó. Kí ni Watergate? Ilé fífọ́ ni! Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n ká mọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1972. Ọdún kan náà lẹni tó tú wọn fó ń fọwọ́ sí ilé fífọ́ tiẹ̀. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì: Lọ́yà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àwọn kan ń wá ẹni tó ń gbé bọ́ǹbù kiri, àwọn kan ń fọ́lé nítorí ìbò. Felt ò tiẹ̀ fi tiẹ̀ bò. Ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1976, ó ní òun lòun fọwọ́ sí i, pé bó bá tún di dandan, òun á tún un ṣe.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Bàbá, ẹ wo èrè ẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n yọwọ́ ẹ̀, torí ọ̀nà tí FBI gbà wá ẹ̀rí ò ṣe é fi han adájọ́. Àwọn tó ń gbé bọ́ǹbù kiri, wọ́n lọ sílé wọn, ọ̀gá ọlọ́pàá ló wá ń rojọ́.

Àlàbí Akàwé: Mo tún ní ọ̀kan. Àwọn kan ń pè é ní akọni, inú ló ń bí i o. Hoover, ọ̀gá àgbà FBI, kú lọ́jọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1972. Ọgbọ̀n ọdún ni Felt ti lò nínú iṣẹ́ náà. Nixon wá lọ mú L. Patrick Gray, ọmọ ogun ojú omi tí kò ṣiṣẹ́ FBI rí, ó fi í ṣe adelé ọ̀gá. Bí ìgbà tí ọmọ oyè ń retí adé, tí wọ́n lọ fi àlejò jẹ ni. Felt fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé kò wá sóun lọ́kàn rárá pé wọ́n lè mú ẹni ìta wá. Oṣù kan ààbọ̀ sígbà yẹn, Watergate bẹ́.

Dúpẹ́ Maryland: Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, mo máa ń kọjá níbi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ tí Felt àti Woodward ti ń pàdé ní Rosslyn, nítòsí Washington, wọ́n ti ri pátákó ìrántí mọ́lẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí Woodward bá fẹ́ rí i, á sún ìkòkò òdòdó tó ki àsíá pupa bọ̀ sẹ́yìn bákónì ẹ̀. Bó bá jẹ́ Felt ló fẹ́ rí i, Woodward á bá àmì róbótó lójú ewé 20 nínú ìwé ìròyìn New York Times tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n á ya ọwọ́ agogo sí i láti fi sọ àkókò. Nǹkan bí aago méjì òru ni! Ẹni tínú kàn ń bí lásán kì í ní sùúrù tó báyìí.

Gray tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ńkọ́? Òun ló ń kó fáìlì ìwádìí fún àwọn ará White House, ọ́fíìsì ààrẹ. Ìwé tí wọ́n kó nínú séèfù Howard Hunt, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ìfọ́lé náà, ó gbà á, ó sì jó o pọ̀ mọ́ pàǹtí ọdún Kérésìmesì nílé ẹ̀. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹrin 1973. Ta wá ni kí Felt gbé ẹjọ́ lọ bá? Gray?

Àlàbí Akàwé: Tépù tí Nixon fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́fíìsì ẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1972, Haldeman, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, sọ fún Nixon pé Felt ló ń tú àṣírí, wọ́n sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé ipò ọ̀gá ló ń wá.

Dúpẹ́ Maryland: Háà! Ẹ wá lọ pe Nixon wá jẹ́rìí! Nixon yẹn náà ló wá jẹ́rìí gbè é nílé ẹjọ́ ní 1980, tó tún fi ṣanpéènì ránṣẹ́ sí i nígbà tí wọ́n dárí jì í.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dákun, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Ní 1976, wọ́n pè é síwájú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìfọ́lé FBI. Ọ̀kan nínú wọn kàn dédé bi í: ṣé ìwọ ni Deep Throat? Ojú ẹ̀ funfun, ó ní rárá. Lọ́yà ìjọba tó ń bi í léèrè bá sún mọ́ ọn, ó rọra rán an létí pé ó ti búra, ó ní bó bá fẹ́, òun lè fagi lé ìbéèrè náà torí kò kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá ṣe. Felt ní kó fagi lé e. Lọ́yà yẹn mọ ẹni tó jẹ́ látọjọ́ yẹn, kò sọ fáyé.

Kúnlé 300 Level: Ẹ̀yin àgbà, èwo ni kí n kà? Mo rí òmíràn tó jáde ní 2006.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Ti 1979 ni kó o kọ́kọ́ kà. Felt ti ní àìsàn rọpárọsẹ̀ kí ti 2006 tó jáde, ìrántí ẹ̀ ti ń lọ, lọ́yà ẹ̀ ló bá a to ìwé yẹn pọ̀. Bó o bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn nígbà tí ọpọlọ ẹ̀ ṣì pé, ti àkọ́kọ́ ni.

Àlàbí Akàwé: Ohùn tó ń purọ́.

Dúpẹ́ Maryland: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìtàn àròsọ nìwé náà, ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn pé oyè ló ń dùn ún, inú ìwé náà lẹ sáré lọ.

Àlàbí Akàwé: Ibi tó ti jẹ́rìí tako ara ẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Ibi tó ti ń gbé ara ẹ̀ ga, mi ò gbà á.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì: Bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn. Kúnlé, rà á, kó o fi ojú ara rẹ kà á.