DJ, Dá A Padà!

Ẹ̀ẹ̀meje ni DJ dá orin yẹn padà síbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo kà á. Abẹ́ kánópì ni mo wà ní Kàbà, iyán wà níwájú mi, ẹ̀gúsí ń tutù lọ, mo sì ń fi ìka ọwọ́ òsì ka iye ìgbà tí "Rasputin", orin ẹgbẹ́ olórin Boney M., bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ wà o, ṣùgbọ́n a óò débẹ̀.

Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ọkọ àti ìyàwó fẹ́ wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mẹ́jọ tò síwájú, gbogbo fìlà wọn ṣẹ́ sí apá kan bí ẹni pé atẹ́gùn kan náà ló fẹ́ wọn. "Rasputin" bú jáde. Ara mi ta kìjí. Mo ní, háà, àwọn ọmọ yìí mà níwà, wọ́n rántí àwa àgbà. Wọ́n gbé apá sókè, wọ́n fẹ àyà, wọ́n tẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ̀ sósì, ó dọ́gba bí ẹsẹ̀ sójà. Ọmọbìnrin kan ń fi fóònù ya wọ́n. Àfi bí orin ṣe kọjá ibi tí wọ́n mọ̀.

Gbogbo wọn dúró.

Kì í ṣe pé ó rẹ̀ wọ́n. Ìlù ń dún, orin ń lọ, àwọn mẹ́jẹẹ̀jọ sì dúró gbagidi bí èrò tó ń retí mọ́tò Lọ́kọ́jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan ń tún fìlà ṣe. Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ wo DJ bí ẹni tí wọ́n gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Àṣé sẹ́kọ́ǹdì 15 péré ni wọ́n mọ̀ nínú orin náà! Ohun tó wà lẹ́yìn 15, igbó kìjikìji ni, ọdẹ ìdílé wọn kankan ò dé ibẹ̀ rí. "DJ, dá a padà!" DJ dá a padà. Wọ́n jó 15. Wọ́n dúró. "DJ, dá a padà!"

Mo ṣírò rẹ̀. Bí a bá ka 15 lọ́nà méje, 105 ni, ìyẹn ò pé ìṣẹ́jú méjì. Ìyàwó kò sì jókòó fún ohun tó lé ní ìdajì wákàtí, nínú oòrùn, gèlè lórí, nítorí pé bí wọ́n bá ti dá orin padà, ẹgbẹ́ á tún tò, ẹni tó ń ya fídíò á ní ẹ sún mọ́ra, ẹnì kan á ní òun ò tíì múra tán. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, fóònù kú. Wọ́n wá páwà báǹkì kiri abẹ́ kánópì bí ẹni ń wá ọmọ tó sọ nù. Ìyá ìyàwó ní kí wọ́n kúkú gbé àga wá fún ọmọ òun. Wọ́n ní kò ní dára nínú fídíò.

Tábìlì mi ò jìnnà sí ti DJ. Ó na ọrùn sí mi, ó rẹ́rìn-ín: "Dádì, mo rí i tí ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n. Orin tuntun yìí mà dùn, àbí?"

Tuntun. Orin tó jáde ní 1978! Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni Kàbà ṣì wà nígbà náà, ó sì ku ọdún 13 gbáko kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Orin náà ṣe ẹ̀gbọ́n ìpínlẹ̀ tí a tẹ́ kánópì lé lórí.

N kò kúkú bínú. Kí ni n óò bínú fún? Mo wá kí wọn ni. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọni. Ẹ wọ oko baba yín, ẹ wú iṣu tó ti wà nínú ebè kí wọ́n tó bí yín, ẹ rù ú wá sí ìgboro, ẹ ní kí a wá wo ohun tí ẹ ṣẹ̀dá. Ta ló tó yín? Kí ẹ tó dé, àwa kàn fi etí ṣe ọ̀ṣọ́ ni, a ń gbé e kiri fún yẹtí.

Ohun tó tún wú mi lórí ni pé àṣà yìí fúnra rẹ̀ ti pẹ́. 2021 ni wọ́n tún "Rasputin" lù, tí àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè ń fẹ àyà sí i lórí TikTok. Wọ́n ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tiwa wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bóyá ẹ̀yìn tírélà sìmẹ́ńtì ló há sí ní Ọbájànà. A pẹ́ dé orin, a tún pẹ́ dé ìpẹ́dé.

Ẹ má sọ pé àwa Òkun, Yorùbá ìhà Kogi, nìkan ni mo ń bú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Kate Bush gbé "Running Up That Hill" jáde ní 1985, ó ṣe ipò kẹta lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi í sínú eré orí Netflix kan, Stranger Things, ni gbogbo wọn bá sáré jáde, ó di ipò kìíní. Ọdún 37! Obìnrin náà ò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ní Amẹ́ríkà, orin Kérésì Mariah Carey jáde ní 1994, ó di 2019 kó tó ṣe ipò kìíní. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó jáde ti jáde ilé ìwé gíga, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó ń wáṣẹ́. CKay tiwa, tí wọ́n bí ní Kàdúná, gbé "Love Nwantiti" jáde ní 2019, 2021 ni ayé tó gbọ́. Ti "Essence" tí Wizkid àti Tems kọ, láti Oṣù Kẹwàá 2020 sí Oṣù Kẹwàá 2021 ló fi rìn kó tó wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ò burú, àgbàdo tútù nìyẹn jẹ́ létí àwọn tó kù.

Ẹni tí mo gba fún ni Connie Francis, olórin Amẹ́ríkà. Ó kọ "Pretty Little Baby" ní 1962. Ní 2025, nígbà tí ìyá náà ti di ẹni ọdún 87, wọ́n sọ fún un pé orin rẹ ń jà ràn-ìn. Ó ní òun ò rántí rẹ̀, àfi kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ! Oṣù Keje ọdún náà ló kú. Olórin fúnra rẹ̀ gbàgbé, ó sì jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ àná, ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ àgbà.

Torí ẹ̀kọ́ yẹn ló ń dùn mí. Lọ́dún tí fíìmù Túndé Kèlání lórí Ayinla Omowura jáde, 2021 kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá, ẹ ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayinla?" Ayinla tó kú ní 1980! Ó fi wákàtí kan ṣàlàyé àpàlà fún mi. Mo ń mi orí. Mo bi í léèrè pé ta ni bàbá rẹ̀ ń gbọ́ nígbà tó ń tọrọ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe gbọ́ "Rasputin". Kérésì 1979, mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì. Ọmọ kíláàsì wa kan ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ìyẹn gbé àwo náà wálé. Máìlì mẹ́ta la fi ẹsẹ̀ rìn, àwa mẹ́rìnlá, a tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá níwájú gírámafóònù. Bátìrì ló ń lò. Màmá ilé náà ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni a máa gbọ́ ọ, torí bátìrì wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan! A fún ẹnu pọ̀, a ò wúkọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin la gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dá a padà, ta ló láyà? A rò pé oògùn ibà ni Rasputin, ṣùgbọ́n odindi la gbọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ará Rọ́ṣíà ni, tó wọ ìdílé ọba wọn lára títí àwọn ìjòyè fi pa á ní Saint Petersburg lópin 1916. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ àyà, ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ mọ̀ pé Jámánì ni Frank Farian ti kó Boney M. jọ, àti pé Bobby Farrell tó máa ń fò sókè sódò, tó ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu, òun kọ́ ló ni ohùn ọkùnrin tó wà nínú àwo? Farian fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Farrell ń la ẹnu tẹ̀ lé e ni. Wọ́n kúkú ti ń ṣe TikTok láti ọjọ́ náà wá. Farrell yìí kan náà, ní 30 Oṣù Kejìlá 2010, ó sùn sí hótẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tó ṣeré tán, kò jí. Ní Saint Petersburg. Nínú ìlú tí wọ́n ti pa Rasputin, ní ọjọ́ tí wọ́n pa Rasputin. Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí nínú sẹ́kọ́ǹdì 15, nítorí náà kò kàn yín.

Wọ́n á ní TikTok ló fà á, pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ 15 náà ni fídíò ibẹ̀ ò gbọdọ̀ jù. Wọ́n ti tú okùn náà tipẹ́. Ewúrẹ́ yín ló kọ̀ tí kò kúrò lẹ́sẹ̀ èèkàn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú là á: ọ̀lẹ etí lẹ jẹ́. Orin ò dùn létí yín àfi tí àlejò bá kọ́kọ́ jó o. Tí bàbá yín bá fi sínú mọ́tò, ẹ ó ki nǹkan bọ etí, ẹ ó ní orin àwọn dádì. Tí ọmọ Amẹ́ríkà kan bá fi sábẹ́ fídíò ibi tó ti ń fọ eyín, ó di orin tuntun. Àwọn Bùnú tó múlé tì wá máa ń hun aṣọ pupa kan tí wọ́n fi ń yẹ́ òkú olóyè sí. Tí aṣọ yẹn bá jáde, ọmọdé ìlú á bi ọ́ pé ta ló kú. Tiyín, ẹ kàn gbé e, ẹ ró o, ẹ ya fọ́tò.

Ó ń dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Káséètì ló fà á.

Mo ní káséètì 64 nínú páálí kan. Boney M. wà níbẹ̀, Ayinla wà níbẹ̀. Lọ́dún 2009, mo rìnrìn àjò, kí n tó dé àbúrò mi ti kó wọn lọ sóko ìrẹsì rẹ̀ ní Ìsánlú. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà láàyè, ó sì mọ̀wé. Ó fa tẹ́ẹ̀pù inú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ta á láti òpó dé òpó yí oko ká, kí ẹyẹ má baà jẹ ìrẹsì. Mo débẹ̀. Oòrùn ń kọ mànà lára tẹ́ẹ̀pù. Atẹ́gùn ń fẹ́, gbogbo orin mi ń dún wìrìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, "Kí lo ṣe yìí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ pọ̀ lọ́dún yìí. Ta ló tún ń gbọ́ nǹkan wọ̀nyẹn?"

Ó gbé ìrẹsì kóńgò méjì wá bẹ̀ mí lẹ́yìn ìkórè. Mo sè é, mo jẹ ẹ́, ó dùn. Bó ṣe dùn yẹn gan-an ló dùn mí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò yìí kan náà pè mí lórí fóònù. "Bàbá, ẹ ò ní káséètì Boney M. àtijọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé e kọ́ ògiri." Mo ní kó lọ bi àwọn ẹyẹ.

Nítorí náà, nígbà tí DJ dá a padà ní ẹ̀ẹ̀keje, tí àwọn mẹ́jẹẹ̀jọ tún dúró, mo dìde. Ìyàwó mi fa aṣọ mi lẹ́yìn. Mo já a gbà. Mo gba máìkì lọ́wọ́ alága, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, okun o. Ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ óò gbọ́ ìyókù orin yìí lónìí, lẹ́nu ẹni tó bá a láyé. DJ, o ò gbọdọ̀ dá a dúró."

Ó fi í sí i. Mo fẹ àyà, mo tẹ̀ sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ sósì. Àwọn èèyàn hó yèè, ẹnì kan lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Sẹ́kọ́ǹdì 15 pé, ó kọjá, a wọ inú igbó. Mo la ẹnu.

"Sìríwòò," ni mo kọ. "Sìríwòò, lọ́fà, sìríwòò." Ohun tí àwa mẹ́rìnlá ń kọ bọ̀ lójú ọ̀nà lóru Kérésì 1979 nìyẹn. Mo wá ohun tó tẹ̀ lé e. Ìlù ń lọ. Àwọn ọmọ mẹ́jọ ń wò mí, fóònù ọmọbìnrin yẹn náà ń wò mí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo tún fìlà mi ṣe.

Mo wo DJ. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ.