Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí, ọmọ inú rẹ̀ tún tóbi: ṣé ó di dandan kí wọ́n tún un là?

Bí obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí bá tún lóyún, tí sikáànù wá ní ọmọ inú tóbi, ohun tí yóò máa gbọ́ lẹ́nu tẹbí tọ̀rẹ́ ni pé kó yáa lọ mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan náà ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1916, Edwin Cragin, dókítà agbẹ̀bí ní New York, kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n bá là bímọ lẹ́ẹ̀kan, lílà ni títí. Nígbà ayé tirẹ̀, òótọ́ pọ̀ níbẹ̀, torí òòró ni wọ́n ń la ilé ọmọ, irú àpá bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè ya nígbà ìrọbí. Ìbú ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń là á lónìí, nísàlẹ̀ ilé ọmọ níbi tó ti fẹ́lẹ́. Ẹni tó ní irú àpá yìí kan ṣoṣo, tí ìrọbí rẹ̀ dé fúnra rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 200 ni ilé ọmọ ń ya fún. (Àpá ara ikùn kò lè sọ bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ o. Ìwé ìwòsàn ló mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè rẹ̀.)

Ọmọ tó tóbi wá ńkọ́? Sikáànù kì í gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Orí, ikùn àti eegun itan ló ń wọ̀n, ìṣirò ló wá fi ń méfò. Ó lè fi 10 sí 15 nínú 100 ṣìnà. Ọmọ tí wọ́n pè ní kíló 4.2 lè jáde ní 3.7, ó sì lè jáde ní 4.7. ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé ìfura pé ọmọ tóbi nìkan kò tó láti ní kí obìnrin má gbìyànjú láti bí i lójú ara. Kíló 5 ni wọ́n ní kí a ti máa ro iṣẹ́ abẹ torí ìwọ̀n nìkan, tàbí 4.5 bí ìyá bá ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé kí èjìká ọmọ há. Ẹ̀rù gidi ni, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọmọ bá ṣe ń tóbi. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń há ni kò tó kíló 4.

Èmi kò ní tan yín jẹ: nínú 100 tó gbìyànjú, 60 sí 80 ló ń bí i fúnra wọn, iye yìí sì ń wálẹ̀ bí ọmọ bá ju kíló 4 lọ. Ìdí tí wọ́n fi là yín lákọ̀ọ́kọ́ ṣe pàtàkì gan-an. Bó bá jẹ́ pé ìdí ni ọmọ ìyẹn fi ń bọ̀ dípò orí, kò sẹ́ni tó tíì dán ìbàdí yín wò rí, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ rọbí títí, tí ẹnu ilé ọmọ kò ṣí tán, tí èyí tún wá tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀nà yẹn le díẹ̀. Ẹni tó ti bímọ lójú ara rí ló ní àǹfààní jù lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ìwọ̀n ọmọ lọ ni kí wọ́n máa fi oògùn ti ìrọbí "kó tó tóbi jù". Ìyẹn gan-an ló ń mú kí àpá lè ya sí i, misoprostol, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi ń ti ìrọbí, kò sì yẹ ẹni tó ní àpá nílé ọmọ nígbà tí oyún ti gbó.

Kí ibi tí ẹ óò bí sí ní yàrá iṣẹ́ abẹ tó ṣe tán nígbàkigbà, ẹ̀jẹ̀ nípamọ́, àti ẹni tí yóò máa tẹ́tí sí ọkàn ọmọ láìdáwọ́dúró. Ẹni tó bá yan iṣẹ́ abẹ náà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kó bi dókítà rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ìrọbí bá dé kí ọjọ́ tí wọ́n mú tó pé.