Wọ́n Ti Rí Ẹyẹ ní Lẹ́kí

Ẹ bá mi kí àwọn ọlọ́lá Lẹ́kí kú oríire o. Wọ́n ti rí ẹyẹ.

Ohun tó lòde báyìí nìyẹn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kẹ̀kẹ́ gígùn láàárọ̀ Sátidé, ó di gọ́ọ̀fù, àmọ́ ní báyìí, tí o kò bá tíì gbé awò gígùn kọ́rùn kí o lọ yọjú sí ẹyẹ nínú irà, ará oko ni ọ́. (Ará oko gan-an ló mọ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé ní ẹ́stéètì wa ló fà mí dé ìdí ẹ̀. Níparí oṣù kẹrin, wọ́n kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé ká lọ wo ẹyẹ "ìgbà ìrúwé". Ìrúwé, l'Ékòó! Èmi mọ òjò, mo mọ ẹ̀ẹ̀rùn, mo mọ ọyẹ́, mo sì mọ sáà tí àgbàrá ń bá wa jókòó ní pálọ̀.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ la pé sẹ́nu ọ̀nà ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990, héktà 78 tí kọnkéré ò tíì gbé mì. Ẹ ò bá rí ìmúra! Ẹ̀wù kákí Ẹ̀gbọ́n ní àpò mọ́kànlá. Mo kà á. Mẹ́wàá ṣófo, ìpékeré ló wà nínú ìkọkànlá. Fìlà wọn ní aṣọ tó bo ẹ̀yìn ọrùn, bí ẹni tó fẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ inú jíìpù tó tutù bí yìnyín ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀. Arábìnrin kan gbé kámẹ́rà tí ẹnu ẹ̀ gùn bí ìbọn ṣakabùlà.

Ẹyẹ tí a kọ́kọ́ rí, lékeléke ni. Wọ́n ní ká má mí.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé ní Mushin, tí lékeléke bá ń kọjá lójú ọ̀run, ọwọ́ la máa ń nà sókè, a ó máa mi ìka, a ó máa bẹ̀ ẹ́ kó fún wa ní funfun léèékánná. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Mushin kan náà ni wọ́n bí Ẹ̀gbọ́n sí o, àwọn ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí eBird, áàpù tí wọ́n fi ń kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀ yìí, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, lékeléke mà nìyẹn."

"Cattle Egret," wọ́n dá mi lóhùn, bí ẹni ń tún ọmọ kọ́.

Àmọ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Yúróòpù gan-an la torí ẹ̀ wá. Ẹyẹ náà kò tó 25 gíráàmù, síbẹ̀ ó ń fò kọjá Sàhárà láìgba físà. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló ń dé. Yóò jẹ kòkòrò wa yó, kò ní kọ́lé síbí, kò ní yé ẹyin kan ṣoṣo síbí; láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó ti gba òkè òkun lọ bímọ. Ọmọ Dìsẹ́ńbà pátápátá! Ìrúwé tí àwa wá ń ṣe ní Lẹ́kí, ibi tó wà lóòótọ́ ni ẹyẹ náà sáré lọ bá a. Àlejò ti wọkọ̀ lọ, a wá dúró sẹ́nu géètì, à ń nàgà wò ó.

A gun afárá orí igi, mítà 401, èyí tó gùn jù nílẹ̀ Áfíríkà. Ní agbedeméjì, afárá mì díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nípàdé onílé di okùn mú, wọ́n sì di ojú. Awò náà ń fì lọ́rùn wọn. Bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọ̀bọ kan ti dé ìdí àpò ìkọkànlá.

Ibẹ̀ la wà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú igbó, hú-hú-hú-hù, ohùn ń wálẹ̀ bí omi tó ń dà látẹnu kèrègbè. Gbogbo wa na fóònù sókè kí Merlin, áàpù tó ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀, bá wa gbọ́ ọ. Merlin ń ronú. Màmá kan tó ń gbálẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹlúlùú ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ tètè wá ibi sá sí."

Merlin ṣì ń ronú nígbà tí òjò dé. Wọ́n ní ẹlúlùú tó pe òjò, orí ara rẹ̀ ló pè é lé. Irọ́ ni. Orí alápò mọ́kànlá ló pè é lé.

Ẹyẹ mẹ́rìnlá ni Ẹ̀gbọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n ń kà á léraléra bá a ṣe ń wakọ̀ bọ̀ wálé, omi ń kán nírùngbọ̀n wọn. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn fúnra wọn ló buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n gé ọ̀pẹ ẹnu géètì wa, nítorí pé ariwo àwọn ẹ̀gà tó ń hun ilé síbẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n sì ń ṣu sórí jíìpù.

Nígbà tá a dé ẹ̀yìn ẹ́stéètì, típà ń da yanrìn sínú irà. Gbogbo wa la dáwó yanrìn náà. Èmi náà ní ìdajì púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ níbẹ̀, n kò ní purọ́. Lórí òṣíbàtà tó kù níwájú típà, ẹyẹ kan ń rìn, ara ẹ̀ pupa bí obì, iwájú orí ẹ̀ jẹ́ búlúù, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn ju ti ẹyẹkẹ́yẹ tá a rí láàárọ̀ lọ. Yanrìn ń ya bọ̀, òun náà ń sún sẹ́yìn, láti orí ewé kan dé òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n gbé awò sójú.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!"