Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti rí ayé o, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń yí, pé ohun tí wọ́n gbọ́ lánàá lè má bá ọ̀la mu mọ́, ni wọ́n ṣe ń lọ bèèrè lemọ́lemọ́.

Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa là ń ṣe ọrọọrún tiwa náà, ọ̀dọ̀ wòlíì là ń lọ. Fíṣà pẹ́ díẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ wòlíì. Ọkọ ò tètè dé, ó di ọ̀dọ̀ wòlíì míì, eléyìí ní oṣù mẹ́ta, ìyẹn ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, síbẹ̀ ọkàn ò balẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

Jeremáyà 29:11 tá à ń fi sórí Wasáàpù yẹn, tí Ọlọ́run ní èrò àlàáfíà lòun ń rò sí wa, lẹ́tà ni o. Àwọn tí Nebukadinésárì kó lọ sí Bábílónì ni Jeremáyà kọ ọ́ sí. Nígbà yẹn wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ń sọ fáwọn èèyàn pé ọdún méjì péré, gbogbo ẹ̀ á ti padà bọ̀ sípò, ta ni ò ní fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Irọ́ ni, ọdún yẹn náà ló sì kú. Ẹ ka ẹsẹ 10, ẹ máa rí i pé 70 ọdún ni Ọlọ́run sọ. Bàbá ẹni 40 ọdún tó gbọ́ lẹ́tà yẹn mọ̀ pé òun ò ní fojú ara òun rí ìpadàbọ̀ kankan. Kí ni Ọlọ́run wá ní kí wọ́n ṣe? Ẹ kọ́lé, ẹ gbin ọgbà, ẹ fẹ́ ìyàwó, ẹ bímọ, ẹ máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó yín lọ. Ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, kò sọ bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa rí.

Ẹ wo Ajayi Crowther tiwa náà. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú l'Óṣoògùn, wọ́n tà á títí ó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí, 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní Sàró, ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó kàwé, ó di tíṣà, gbogbo ìyẹn kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè. 1846 ló tó rí ìyá ẹ̀, l'Abẹ́òkúta. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n kó ló padà rí ìyá wọn o, ọ̀pọ̀ ò rí wọn mọ́ títí wọ́n fi kú, a ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún ara wa. Bíbélì náà ò fi pamọ́, Hébérù 11 sọ pé àwọn kan kú nínú ìgbàgbọ́ láì tíì rí ohun tí Ọlọ́run ṣèlérí gbà.

Òótọ́ lòwe yẹn, ọ̀la ń yí. Ọlọ́run tó wà lọ́hùn-ún ni kì í yí, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní láti máa bèèrè lọ́rọọrún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de fíṣà, ẹ kọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́, ẹ gbàdúrà fún àdúgbò tẹ́ ẹ wà báyìí, ẹ má sì tìtorí Kánádà sún ìgbéyàwó síwájú. Tó bá tún ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pe wòlíì láàárọ̀ ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka Jeremáyà 29 láti ẹsẹ 1.