Ẹni Tí Kò Dé Oko Bàbá Ẹlòmíràn

Ẹni tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Gbogbo wa la mọ ọmọ tó ń fọ́nnu lórí ebè mẹ́ta. Èyí tó dé oko náà tán, tó wá di ojú pinpin, òun ló ń bí mi nínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì. Wọ́n kó wọn lọ sí Dakar, olú-ìlú Senegal, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí èdè náà lè yọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tó dé, mo bi í bí ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn, ṣe rí lẹ́nu.

"Àǹtí, n ò tọ́ ọ wò o. Páálí Indomie tí Mọ́mì dì fún mi ni mo jẹ tán."

Háà! Ní ilẹ̀ àwọn Wolof, tí ìjọba Jolof wọn ti bí orúkọ ìrẹsì tí a fi ń ṣe òde! Wọ́n á ki ewé àti ata sínú ẹja, wọ́n á sè é pẹ̀lú tòmátò, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti ẹ̀gẹ́, omi ọbẹ̀ yẹn náà ni wọ́n á wá fi se ìrẹsì wẹ́wẹ́. Èyí tó bá gan mọ́ ìdí ìkòkò, aládùn ni lójú wọn. Lọ́dún 2021, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ oúnjẹ yìí mọ́ ogún àṣà aráyé. Abọ́ ńlá kan ni gbogbo ilé ń jókòó yí ká, kálukú ń bù níwájú ara rẹ̀, ìyálé ilé á sì máa ya ẹja sí iwájú àlejò. Ìdí abọ́ yẹn ni èdè wà, ju kíláàsì lọ.

Àkàrà pàápàá ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀wà kan náà, orúkọ kan náà, ata òun àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá rí àkàrà nílẹ̀ òkèèrè, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tí ẹja kò bá lára mu, kó yẹra, ìyẹn yé mi. Èyí kì í ṣe ti àìlera.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ta ló di páálí náà? Ta ló ń sọ fún ọmọ ní pápákọ̀ òfurufú pé "Má jẹ nǹkan wọn o"? Bí àlejò bá yínmú sí àmàlà nílé yín, ẹ ó sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá kan ní Dakar ya ẹja fún ọmọ yín, ó ní "Lekkal", máa jẹun. Ọmọ yín ní òun ti yó, ebi sì ń pa á. Ojú tì mí fún un, ó sì yẹ kó ti ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá tún ń di ẹrù ọmọ, ẹ yọ páálí yẹn kúrò.